Ẹ̀yìnkùlé tí ẹ̀kan gbà, àti bí koríko gígé ṣe padà síbẹ̀

Ẹ̀yìnkùlé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gùn tó mítà 20, ó sì fẹ̀ tó mítà 15. Koríko gígé ló wà níbẹ̀ nígbà kan, kí àwọn onílé tó tilẹ̀kùn lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹ̀kan ti ga dé àyà àgbàlagbà. Patanmọ́ ti gba ẹsẹ̀ ògiri, abẹ́rẹ́ olóko ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó bá kọjá, ibi tí omi ilé ń ṣàn sí sì kún fún koríko kan tí ewé rẹ̀ ń dán, tí gbogbo ilé rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Igi ńlá kan wà ní igun ilẹ̀ náà. Abẹ́ igi yìí nìkan ni èpò kò sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, kò sì sí ohun tó hù lórí rẹ̀.

Màmá onílé ti gbé iṣẹ́ àtitún ẹ̀yìnkùlé náà ṣe fún àwọn kan ṣáájú àwa tí a ń tọ́jú ọgbà. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ṣe: wọ́n ṣán an, wọ́n kó o jọ, wọ́n dáná sun ún. Ilẹ̀ á mọ́, inú gbogbo ilé á dùn. Kò ní pẹ́ tí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀kan á tún ti yọ ṣóńṣó-ṣóńṣó jáde, á sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìbéèrè tí Màmá fi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ni pé, "Ṣé àdá lẹ̀yin náà gbé wá?"

"Rárá, Mà. Ṣọ́bìrì ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká wọlé.

Ohun tí ṣọ́bìrì gbé jáde

A kò gé nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Bàtà rọ́bà la wọ̀, a mú igi gígùn dání, a ń fi í lu igbó náà bí a ṣe ń wọlé, torí ejò àti agbọ́n fẹ́ràn irú ibẹ̀. Àwọn ìgò tó fọ́ àti wáyà tó ti dógùn-ún la kọ́kọ́ ṣà kúrò. Lẹ́yìn náà la wá ń gbẹ́ ihò kéékèèké káàkiri, láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ ẹ̀kan, gbòǹgbò funfun olóríkèé-oríkèé ló kún ibẹ̀. Wọ́n ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ní ìbú, wọ́n dì mọ́ra, orí wọn sì mú débi pé wọ́n lè gún gbòǹgbò ewéko mìíràn ní àgúnyọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò jìn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n a rí àwọn tó lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ojú tó lè hù. Ẹni tí kò bá dá ẹ̀kan mọ̀ kó wo ewé rẹ̀ dáadáa: ọ̀pá funfun tó la ewé náà kì í sábà wà láàárín gan-an, ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí ewé náà sì lè ya ènìyàn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n ń dá ti yé Màmá. Iná kì í dé ibi tí gbòǹgbò ẹ̀kan wà. Ewé òkè ló ń jó, ilẹ̀ ló sì ń dáàbò bo ìyókù. Ohun tí iná ń ṣe gan-an ni pé ó ń pa àwọn ewéko mìíràn tí ì bá ṣíji bo ẹ̀kan, oòrùn á wá ráyè dé ara rẹ̀. Ẹ̀kan kò sì fẹ́ràn ohun mìíràn tó oòrùn. Bí iná bá sì ti kọjá lára rẹ̀, ó sábà máa ń sáré tanná, òwú funfun tó gbé irúgbìn rẹ̀ á wá bá atẹ́gùn lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n sun ilẹ̀ yẹn, ẹ̀kan ni wọ́n ń bá ro oko.

Ní ẹnu ibi tí omi ilé ń ṣàn sí, ohun mìíràn la bá. Ẹ fi ìka méjì yí ẹsẹ̀ koríko yẹn, ẹ ó rí i pé kò rí roboto, igun mẹ́ta ló ní. Cyperus rotundus ni, ìbátan ọ̀fíọ̀, kì í sì í ṣe koríko gidi rárá bó ti wù kó jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ èpò kà á sí èyí tó burú jù lọ láyé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn kóró dúdú kéékèèké ló so kọ́ra lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá fa òkè rẹ̀ tu, okùn náà á já, kóró á kù sínú ilẹ̀. Kóró tó wà nídìí èyí tó ti hù ló ń dá àwọn ìyókù dúró kí wọ́n má hù. Bí wọ́n bá já a kúrò lára wọn, àwọn tó ń sùn á jí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fọwọ́ fà á fi ń rí i pé ibi tí ọ̀kan ti kúrò ni mẹ́ta ti ń yọ.

Patanmọ́ kò le tó àwọn méjì yìí. Gbòǹgbò kan tó le bí igi ló ní, ẹ̀gún rẹ̀ ló ń dani láàmú. Wàhálà tirẹ̀ wà lára irúgbìn, tó lè pẹ́ nínú ilẹ̀ kó tó hù. Bó bá ṣe ẹnikẹ́ni bí àsọdùn pé irúgbìn èpò lè pẹ́ nínú ilẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1879, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William James Beal kó irúgbìn oríṣiríṣi sínú ìgò 20, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ ní Michigan. Nígbà tí wọ́n hú ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà jáde ní 2021, àwọn irúgbìn ewéko kan tó ń jẹ́ Verbascum nínú rẹ̀ ṣì hù. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí fún onílé pé èpò kò ní yọ mọ́. A sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun rere kan wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà oníkọnkéré, a rí díẹ̀ lára koríko àtijọ́ náà tó ṣì ń rá pálá. Cynodon dactylon ni. Ó sọ ohun méjì fún wa lẹ́ẹ̀kan náà: koríko tó ti gbà ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, àti pé oòrùn ibẹ̀ tó o.

Ohun tí a kọ̀ láti ṣe

Àkọ́bí Màmá, tó ti di bàbá fúnra rẹ̀, ní èrò púpọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ tó ń tú ilẹ̀ wá, ká lọ gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ká parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan." Ẹ̀rọ yẹn dára lórí ilẹ̀ tí èpò ibẹ̀ kì í hù láti ara gbòǹgbò. Lórí ẹ̀kan, gígé ló máa gé gbòǹgbò sí wẹ́wẹ́, ègé kékeré tó bá ṣì ní oríkèé lára á sì hù. Á tún kó kóró Cyperus láti ẹnu ibi tí omi ń ṣàn sí, á fọ́n wọn ká gbogbo ilẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ sọ èpò tó wà ní igun kan di ti gbogbo ọgbà, ẹ̀rọ yẹn gan-an ni kó lò.

Ó tún ní ká da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ ń pa èpò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní tètè kúrò nínú ilẹ̀ lẹ́yìn tó bá pa á tán. Koríko tí a fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni yóò jẹ ìyà tó kù.

Oògùn apèpò kan wà nílé tí ẹnì kan ti tà fún wọn, paraquat ni. Èyí la fi ohùn líle sọ̀rọ̀ lé lórí. Paraquat kì í rìn dé gbòǹgbò, ibi tó bá kàn lára ewé nìkan ló ń jó, nítorí náà kò sàn ju iná lọ lórí ẹ̀kan. Bí ènìyàn bá sì gbé e mì, kódà díẹ̀, kò sí ẹ̀rọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fòfin dè é. Ilé tí àwọn ọmọdé ń sáré káàkiri kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà. A ní kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ń bójú tó irú ìdọ̀tí olóró bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má dà á sínú gọ́tà, kí wọ́n má sì bù ú sínú ìgò mìíràn.

Glyphosate, oògùn apèpò mìíràn, ni a wá jíròrò lé lórí fún ìgbà pípẹ́. Màmá ti gbọ́ pé ó ń fa jẹjẹrẹ, wọn kò sì fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. A sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní 2015, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe gidigidi kó máa fa jẹjẹrẹ. Àwọn àjọ tó ń bójú tó oògùn oko ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù ní tiwọn sọ pé àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀ bí a bá lò ó bí ìwé ara rẹ̀ ṣe wí. Ẹni tó ń fọ́n ọn ló ń fara kàn án jù, kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ koríko lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Màmá ronú sí i, wọ́n ní a lè lò ó lórí ẹ̀kan tó wà ní gbangba, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí ibi tí omi ń gbà. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, òun ló sì pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì.

Ẹ̀kan

Ẹni tó bá fọ́n oògùn yìí sórí ẹ̀kan tó ga dé àyà ti fi í ṣòfò. Ewé gbígbẹ pọ̀ lára rẹ̀, oògùn kò sì lè gba ara ewé gbígbẹ wọlé. A ṣán an sílẹ̀, a kó koríko náà kúrò láìsun ún, a sì fi í sílẹ̀ kó tún hù. Nígbà tí ewé tuntun dé nǹkan bí orúnkún, tó tutù yọ̀yọ̀, la tó fọ́n ọn. Ewé ló ń gba oògùn yìí wọlé, ó sì ń bá oúnjẹ tí ewé ń fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀ rìn lọ sí gbòǹgbò. Níbẹ̀ ló ti ń dí iṣẹ́ tí ewéko fi ń ṣẹ̀dá àwọn èròjà kan tí ara rẹ̀ kò lè ṣe aláìní. Bí ewé kò bá pọ̀, oògùn tó máa dé ìsàlẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Àwọn ohun kéékèèké ló sábà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Omi tí a fi lú oògùn gbọ́dọ̀ mọ́, torí amọ̀ máa ń dè é mọ́ra tí kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí náà ló fà á tí kì í fi í pa ohun tí a bá gbìn lẹ́yìn rẹ̀: bó bá ti kanlẹ̀, ilẹ̀ á dì í mú. Kí ìrì gbẹ lára ewé kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀, kí atẹ́gùn rọlẹ̀, kí òjò má ṣú. Ìbọ̀wọ́, aṣọ alápá gígùn, ìbòjú àti bàtà rọ́bà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwọ̀n tí a máa lò wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò. Ẹni tó bá bù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ lè jó ewé kíákíá kí oògùn tó sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn á sì dín agbára rẹ̀ kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, sùúrù ló kàn. Glyphosate kì í yára. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan sí i, Màmá pè wá lórí fóònù: "Ẹ̀kan yín ṣì tutù o!" A bẹ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan án. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kó wà bẹ́ẹ̀ kí a tó gé e tàbí kí a tó walẹ̀ ibẹ̀. Ó pọ́n, ó wá gbẹ. Àwọn kan tún yọ lẹ́yìn náà, bí a ṣe retí, a sì dúró kí àwọn náà ní ewé tó tó kí a tó tún fọ́n oògùn lé wọn lórí. Ẹ̀kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í kú lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sọ pé tòun kú lẹ́ẹ̀kan kò tíì padà lọ wò ó.

Apá tó sún mọ́ ibi tí omi ń gbà, a kò fi oògùn kàn án. Ọ̀rá dúdú tó nípọn la tẹ́ sórí ẹ̀kan ibẹ̀ lẹ́yìn tí a ti gé e mọ́lẹ̀, a fi òkúta tẹ etí rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ẹ̀kan kò bá rí oòrùn, á máa ná ohun tó ti tọ́jú sínú gbòǹgbò títí á fi tán. Ẹni tí kò fẹ́ oògùn rárá lè ṣe gbogbo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kó máa gé e mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti yọ, láìjẹ́ kó ga rárá, fún ju àkókò òjò kan lọ. Ó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dáwọ́ dúró láàárín, gbòǹgbò á sì kún padà.

Koríko onígun mẹ́ta

Ọ̀rá dúdú kò ran èyí. Orí rẹ̀ mú, ó ń lu ọ̀rá já. Wíwa ló kù, a sì dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí a tó wà á, nítorí kóró rẹ̀ kò lè fara da gbígbẹ. Bí a bá kó o síta sínú oòrùn títí tó fi gbẹ dénú, ó kú nìyẹn. Fọ́ọ̀kì la lò, kì í ṣe ọkọ́, torí ọkọ́ ń gé okùn tó so àwọn kóró pọ̀. A wà á tó 30 sẹ̀ǹtímítà, a fi asẹ́ onírin jọ erùpẹ̀ náà, a tẹ́ kóró sórí kọnkéré gbígbóná. Kò sí ọ̀kan tó lọ sí orí òkìtì ajílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ló gbà wá lákòókò jù, bẹ́ẹ̀ ibi tó wà kò ju ìdá díẹ̀ lára ilẹ̀ náà lọ. Ọmọkùnrin tó ń jọ erùpẹ̀ béèrè bóyá a kò kàn lè bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Ṣùgbọ́n ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà gan-an kì í ṣe fọ́ọ̀kì. Bí a ṣe ń walẹ̀, a rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ lómi nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo ibi tó kù ti gbẹ táútáú. Páìpù kan ló ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Cyperus fẹ́ràn ilẹ̀ olómi, omi tó ń jò yìí ló ń bọ́ ọ. A ní kí wọ́n pe ẹni tó ń ṣe páìpù kí a tó tẹ̀síwájú. Mo rò pé bí wọn kò bá tún páìpù yẹn ṣe, à bá ṣì máa jọ erùpẹ̀ títí di òní.

Ilẹ̀

Ibi tí wọ́n ti máa ń gbé ọkọ̀ sí nígbà kan ti ki gan-an. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń dán ilẹ̀ wò kò wọlé ju ìka lọ. Kò sí koríko gígé tó máa dáa lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èpò tó lè fara da ìyà ló máa gbà á. A fi fọ́ọ̀kì tú u, a sì po ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ 15 sẹ̀ǹtímítà òkè. A tẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà kó lè máa rọra dagun kúrò lára ilé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi má bàa dúró.

Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú tán, gbogbo ilé rò pé ó ti tó àkókò láti gbìn. A ní kò tíì yá. A bomi rin ilẹ̀ lásán, a sì jókòó tì í. Láàárín ìgbà díẹ̀, irúgbìn èpò tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í hù: patanmọ́ wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́ olóko, àti oríṣi mìíràn tí a kò rí tẹ́lẹ̀. A fi ọkọ́ gé wọn lórí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré, a kò sì tú ilẹ̀ náà jìn, torí bí a bá tú u, irúgbìn tuntun ló máa bọ́ sókè. A tún bomi rin ín, a tún gé e. Àwọn tó yọ lẹ́yìn náà kò tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, èyí ló rọrùn jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń fò jù.

Gbígbìn

Láti ara Cynodon tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oníkọnkéré la ti mú díẹ̀, a sì ra ìyókù. A já a sí ègé tó ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta, a gbìn wọ́n sínú poro tó jìnnà síra ní 20 sẹ̀ǹtímítà, a sì jẹ́ kí orí wọn yọ síta. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò la bọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, a dín omi kù, a sì ń bu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan dípò díẹ̀-díẹ̀ lójoojúmọ́, kí gbòǹgbò lè wá omi lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tó ti mú ilẹ̀, a fún un ní ajílẹ̀ NPK 15-15-15. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Koríko irú èyí ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 5 náítírójìn fún mítà kan ní ìbú àti lóròó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdá 15 nínú 100 ajílẹ̀ náà ni náítírójìn, nítorí náà gíráàmù 33 ló máa fún wa ní 5. Ibi tí a gbìn tó mítà onígun mẹ́rin 240, ajílẹ̀ tó gbà sì jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 8. A fọ́n ọn sórí ewé gbígbẹ, a sì bomi rin ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó má bàa jó ewé. Àwọn tó ń fi ọwọ́ gbọ̀ngbọ̀n fọ́n ọn láìwọ̀n ọ́n ni koríko wọn ń rí kálakàla.

Igi náà

Màmá fẹ́ kí koríko dé ìdí igi. A wo bí òjìji ṣe ń rìn níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí oòrùn lẹ́yìn kùtùkùtù. Cynodon ń fẹ́ tó wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Koríko kan wà tó lè fara da ibòji díẹ̀, bí Axonopus compressus àti Stenotaphrum secundatum, ṣùgbọ́n ìdí igi yìí ṣókùnkùn ju ohun tí àwọn náà lè gbà lọ, gbòǹgbò igi sì ń bá ohun gbogbo du omi. Àkọ́bí Màmá ní kí a bẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kúrò. Màmá dáhùn kí a tó la ẹnu: "Igi yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ."

Ègé igi wẹ́wẹ́ la tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. A kò jẹ́ kó kan ara igi, torí ó lè mú kí èèpo rẹ̀ jẹrà. Ní tèmi, ibẹ̀ ló wá lẹ́wà jù nínú gbogbo ọgbà náà.

Bó ṣe wà báyìí

Koríko ti pàdé ara rẹ̀ káàkiri. Nǹkan mẹ́ta ló kù tí kò tíì parí.

Ilẹ̀ òfìfo kan wà lẹ́yìn ọgbà, ẹ̀kan ló sì kún ibẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń gba abẹ́ ọgbà wọlé. A gbẹ́ yàrà tóóró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà, a sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí gbòǹgbò tó bá yọ síta lè hàn, kí a fi ṣọ́bìrì gé e. Yàrà yẹn ń fẹ́ àbójútó, bí ewé bá ti dí i, kò wúlò mọ́. Ẹ̀kan kan tún wà tó ń yọ láti abẹ́ kọnkéré, ibi tí kò ṣeé wà. Fún ìyẹn, a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a sì fi fóòmù tí a rì sínú oògùn pa ewé rẹ̀ lára, kó má kan koríko tó wà nítòsí.

Cyperus ṣì ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ibi tí omi ń ṣàn sí. A ti kọ́ Màmá àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀: ó máa ń ga ju koríko lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá gé gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ wà á kó tó ní ewé márùn-ún, nítorí lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kóró tuntun. Bó bá jù wọ́n lọ, oògùn kan wà tó ń jẹ́ halosulfuron tó ń pa á láìpa Cynodon, ṣùgbọ́n kò tíì di ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ni ìjà ẹ̀rọ ìgékoríko. Àkọ́bí Màmá ló ń gé e, ó sì fẹ́ràn kó gé e dé ilẹ̀ kó lè pẹ́ kó tó tún ṣe é. Ibi tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ hàn láàárín koríko, patanmọ́ sì ti yọ níbẹ̀. A ṣàlàyé fún un pé kò yẹ kí ènìyàn gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fẹ́ kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 3, kó gé e nígbà tó bá dé 4 àbọ̀, kó má dúró de 9. Ó ní ìyẹn á pọ̀ jù lásìkò òjò. Òótọ́ ni, ó pọ̀. Màmá ní àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ-ọmọ àwọn tó dàgbà jù, tó ti ń tọrọ ẹ̀rọ náà tipẹ́, kí bàbá rẹ̀ máa lọ gbẹ́ yàrà.